Dastar

Láwàní tí àwọn ẹlẹ́sìn Sikh ń wé. Ọ̀rọ̀ èdè Páṣíà ni, ó sì ní ọ̀wọ̀ nínú. Pagg ni wọ́n sábà ń pè é lójoojúmọ́ ní ilẹ̀ Punjab. Ní 1699, ní Anandpur, Guru Gobind Singh, aṣáájú ẹ̀sìn Sikh, dá ẹgbẹ́ Khalsa sílẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í sì í gé irun. Dastar ló ń bo irun náà.

Bí ọmọkùnrin bá ń bàlágà, wọ́n á ṣe dastar bandi fún un, ìyẹn ìwéláwàní àkọ́kọ́. Aṣọ náà lè gùn tó mítà 5. Bàbá á di etí kan mú, ọmọ á di èkejì, wọ́n á fà á le, wọ́n á sì ṣẹ́ ẹ po kí wọ́n tó wé e.

Bí bàbá bá kú, mọ̀lẹ́bí á tún wé láwàní fún àkọ́bí ọkùnrin: ẹrù ilé ti bọ́ sí i léjìká nìyẹn. Ọmọ tí omijé ò tíì gbẹ lójú rẹ̀ á wá máa so etí aṣọ mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn kó lè rí i fà, torí bàbá tó ń di etí kan mú kò sí mọ́.

Ní 1983, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà dá ọmọ Sikh kan láre, ẹni tí ilé ìwé kọ̀ nítorí láwàní.