Àpọ́n, opó, dálémosú: ta ló ń dá gbé?

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wò lónìí.

Àpọ́n ni ọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó, ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, inú agbo ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé. Opó ni obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, ṣàlàyé bí ẹbí ọkọ ṣe ń ṣú opó lẹ́yìn ọ̀fọ̀. Dálémosú ńkọ́? Obìnrin tó kúrò nílé ọkọ padà sílé bàbá rẹ̀ ni. Ulé, bí àwa Èkìtì ṣe ń pè é, kún fún èèyàn, síbẹ̀ orúkọ yẹn ń dun obìnrin bí èébú.

Ṣé ẹ rí i? Kò sí èyí tó sọ pé èèyàn ń dá gbé. Ọkọ tàbí aya tí kò sí nìkan ni wọ́n ń sọ.

Ayé ti yí padà. Ní Ìsinbọ̀dé, àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó, àwọn mìíràn ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Tí a bá fẹ́ ka àwọn tó yẹ ká máa bẹ̀ wò, opó là ń kà. Bàbá arúgbó tó ń dá gbé kì í sí nínú rẹ̀.

A ní adájọ́, a ní adáhunṣe. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní adágbé. Kò sí èébú níbẹ̀, a ó sì lè kà á mọ́ wọn.