Omi Ni Kí Àgbàlagbà Tó Fẹ́ Kópa Nínú Triathlon Kọ́kọ́ Kíyè Sí

Ọmọ bíbí Òde-Èrínjẹ tó bá ti lé ní ẹni 60 ọdún kò ní pẹ́ sọ fún yín pé òun mọ omi. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní agbègbè Òkìtìpupa, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ilẹ̀ odò àti àbàtà ni, àwọn Ìlàjẹ tó múlé tì wọ́n sì wà létí òkun gan-an. Ẹni irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ ti gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí oko ọ̀pẹ rí, ó sì ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn lọ sí iléèwé. Nítorí náà, bó bá ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York lónìí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá sọ fún un nípa eré ìje tí wọ́n ń pè ní triathlon, ó lè rò pé ohun tí òun ti ń ṣe láti kékeré ni wọ́n fún ní orúkọ òyìnbó. Ó jọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ti mú ẹ̀mí àwọn èèyàn lọ.

Eré ìje alápá mẹ́ta ni triathlon. Èèyàn kan ṣoṣo ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀léra wọn: yóò lúwẹ̀ẹ́, yóò gun kẹ̀kẹ́, yóò sì fi eré sísá parí rẹ̀. Àkókò tó fi ń pààrọ̀ aṣọ àti bàtà láàárín wọn wà nínú ìṣirò. Ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é lábẹ́ orúkọ yìí lọ́dún 1974, ó sì wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Sydney lọ́dún 2000. Ìwọ̀n ti Òlíńpíìkì yìí ni ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ń lò: kìlómítà kan ààbọ̀ nínú omi, 40 kìlómítà lórí kẹ̀kẹ́, àti 10 kìlómítà lórí ẹsẹ̀. Èyí tó gùn jù ú lọ fíìfíì ni Ironman, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Hawaii lọ́dún 1978. Nínú tiẹ̀, lẹ́yìn omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́rin àti 180 kìlómítà lórí kẹ̀kẹ́, ẹni náà yóò tún wá sá kìlómítà 42, ìyẹn odindi ohun tí àwọn tó ń sá Lagos City Marathon ti ń sá láti ọdún 2016 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pín àwọn olùdíje ló mú kí eré yìí gba àgbà mọ́ra. Ẹni tí kì í fi eré jẹun kì í bá àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ du ipò, bẹ́ẹ̀ ni kì í bá ọmọ rẹ̀ du ipò. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi ń pín wọn: àwọn ẹni 55 sí 59 wà papọ̀, 60 sí 64 wà papọ̀, bó ṣe ń lọ sókè nìyẹn. Iye ọdún tí èèyàn máa jẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún ìdíje náà ni wọ́n ń wò. Ẹni 59 ọdún tí yóò pé 60 nínú oṣù Kọkànlá yóò bá àwọn ẹni 60 díje láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, yóò sì wà lára àwọn tó kéré jù láàárín wọn. Àwa a máa ráhùn bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè. Àwọn ará ibí yìí ń fi ayọ̀ retí rẹ̀.

Obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì kan ní Amẹ́ríkà, Sister Madonna Buder, ló fi hàn bí ọjọ́ orí ṣe lè ga tó. Wọ́n bí i lọ́dún 1930. Ó ti lé ní ẹni 50 ọdún kó tó ṣe triathlon àkọ́kọ́, ó sì parí Ironman ní Kánádà lọ́dún 2012, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 82. Ó ti tó ìgbà mélòó kan tó jẹ́ pé nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ìpele ọjọ́ orí tuntun sílẹ̀.

Ibi tí ewu wà ni omi. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ọkùnrin ẹni ọdún 64 kan àti obìnrin ẹni ọdún 40 kan kú lẹ́yìn tí wàhálà dé bá wọn nínú odò Hudson, níbi triathlon ìlú New York. Lọ́dún 2017, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tó kó gbogbo irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti 1985 sí 2016 jọ. Wọ́n rí 135. Yàtọ̀ sí 15 tí ìfarapa fà, 120 tó kù jẹ́ ti ẹni tó ṣubú lójijì. 90 nínú wọn ṣẹlẹ̀ nínú omi, méje péré ló ṣẹlẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Tí a bá mú 100,000 olùdíje, ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò tó méjì láàárín gbogbo wọn lápapọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọkùnrin tó ti pé 60 sókè, ó lé ní 18. Nínú òkú 61 tí wọ́n yẹ̀ wò, 27 ló ní àìsàn ọkàn tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn wọ̀nyí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Omi tútù a máa gba èémí lẹ́nu èèyàn lójijì, ọkàn a sì máa lù kìkì. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, apá ẹnìkan ń bà ẹlòmíràn lójú, ẹsẹ̀ ń gbá ẹlòmíràn láyà, ìsàlẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ẹni tí àyà ń dùn lórí kẹ̀kẹ́ lè dúró kó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Nínú omi, kò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Odò ilé tí èèyàn ti ń wẹ̀ ní kékeré, tó gbóná, tó sì mọ gbogbo ìyípo rẹ̀, kò kọ́ ọ ní èyí.

Nítorí náà, kí ẹni tó ti lé ní 50 tó sanwó ìforúkọsílẹ̀ ni kó ti lọ rí dókítà, pàápàá bó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tàbí bí ọkàn bá ti pa ẹbí rẹ̀ kan lójijì rí. Kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún dókítà ní tààrà. Kó má ṣe sọ pé òun fẹ́ máa ṣe eré ìmárale. Lẹ́yìn náà, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré. Triathlon ti Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń ṣe ní agbègbè Docklands láti ọdún 1997, ní èyí tí omi rẹ̀ jẹ́ 400 mítà péré, ó sì ní ti 750 mítà. A kò rí ìtìjú kankan nínú kí bàbá ẹni 62 ọdún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Kó fi omi gbangba dánra wò ṣáájú, kì í ṣe inú odò ìgbàlódé inú ilé nìkan, kó má sì dá lọ láé. Bó bá jẹ́ pé ilé ló ti ń múra, ní Èrínjẹ tàbí ní Èkó, kí ọlọ́kọ̀ ojú omi máa tẹ̀lé e. Aṣọ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ nínú omi tútù ń mú èèyàn léfòó, ṣùgbọ́n bó bá fún un lọ́rùn tàbí láyà, ewu ni. Ọjọ́ ìdíje kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ náà gan-an, kó dúró sẹ́yìn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ lọ. Bí èémí bá há, kó yí ojú sókè, kó na ọwọ́. Òfin gbà á láàyè kó di ọkọ̀ kékeré àwọn olùtọ́jú mú kó sinmi, níwọ̀n bí kò bá ti fi í tẹ̀ síwájú. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí.

Ti kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀ láti ṣàlàyé. Ó gbọ́dọ̀ de akoto rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ sá sí ẹ̀yìn ẹlòmíràn kí afẹ́fẹ́ má bàa bá a jà, àyàfi níbi tí wọ́n bá ti gbà á láàyè. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ yóò wúwo bíi pé kì í ṣe tirẹ̀. Ó máa ń kọjá lẹ́yìn bíi kìlómítà kan.

Ọ̀rọ̀ gbèdéke àkókò ló kù. Gbogbo ìdíje ló ní wákàtí tí wọ́n ń ti ojú ọ̀nà, wọn kì í sì í torí ewú orí sún un síwájú. Hiromu Inada, ará Japan tí wọ́n bí lọ́dún 1932, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn kó tó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, ó sì ti di ẹni 70 ọdún kó tó ṣe triathlon àkọ́kọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2015, ní ìdíje Ironman ti àgbáyé ní Hawaii, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ló fi pẹ́. Wọn kò ka eré rẹ̀ sí èyí tó parí. Ó padà síbẹ̀ ní 2016, ó sì parí rẹ̀ láàárín àkókò. Ó tún parí rẹ̀ ní 2018, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 85.