Ọdún tí Wọ́n Tú Bọ́ọ̀dù Kòkó Ká

Ọ̀rọ̀ ọjà la mú wá lálẹ́ òní, nítorí pé ọmọ olóko kòkó ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Owó kòkó ni wọ́n fi rán wa ní ilé-kéú àti ilé-ìwé.

Nígbà ogun Hitler ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí ra gbogbo kòkó wa fúnra wọn. Ní 1947 wọ́n dá Bọ́ọ̀dù Kòkó sílẹ̀, ní 1954 ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Bọ́ọ̀dù nìkan ló lè tà á sókè òkun, òun ló sì ń dá iye tí àgbẹ̀ máa gbà. Bí kòkó bá wọ́n lọ́jà àgbáyé, Bọ́ọ̀dù á fi èlé orí rẹ̀ pamọ́, wọ́n ní ó di ọjọ́ tí ọjà bá kú. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí i, èyí tó pọ̀ nínú owó náà kò padà sọ́wọ́ àgbẹ̀ mọ́. Lóòótọ́ ó wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955, ó wà nínú Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn. A dúpẹ́ ìyẹn. Àmọ́ ta ló bi àgbẹ̀ léèrè kí wọ́n tó yọ owó rẹ̀? Nígbà tó fi máa di 1968, owó orí ti pọ̀, owó kòkó ò tó nǹkan, ni àwọn Àgbẹ́kọ̀yà bá yarí.

Ní 1986, nígbà SAP, ìjọba Babangida tú Bọ́ọ̀dù ká pátápátá. Owó kòkó fò sókè. Kódà, àwọn tí kò mọ igi kòkó yàtọ̀ sí igi obì wọ inú òwò náà, torí pé dọ́là ni wọ́n ń wá. Ìgbà tó yá, owó náà já wálẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti wọ́ nìyí: nígbà ayé Bọ́ọ̀dù, wọn kì í ra kòkó láìyẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó lọ, ojú tó ń ṣọ́ ọjà di bàìbàì. Wọ́n ń ra èyí tí kò gbẹ, wọ́n ń ra èyí tó ti bu, kòkó Nàìjíríà tó lórúkọ rere tẹ́lẹ̀ wá di èyí tí àwọn òyìnbó ń yọ owó rẹ̀.

Nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹ̀dínà, àwọn ènìyàn bẹ Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé kó dá iye lé e, ó kọ̀. Ànábì yìí kan náà ló ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ ẹnì kan lọ́jà, ó bá omi nísàlẹ̀, ó sì bá ẹni náà wí. Ohun méjì ni wọ́n. Ìjọba tiwa pa wọ́n pọ̀, wọ́n sì sọ méjèèjì nù lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́dún 2024, kòkó kọjá ẹgbàárùn-ún dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Ní Ghana àti Côte d'Ivoire, níbi tí ìjọba ṣì ń dá iye, ohun tí àgbẹ̀ gbà lọ́dún náà kéré sí ìyẹn púpọ̀, àwọn mìíràn gbé kòkó kọjá ibodè ní fàyàwọ́ nígbà náà. Tiwa tètè rí owó náà gbà. Síbẹ̀, níbi púpọ̀, ẹni tó ń ra kòkó ló ṣì ń gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ wá sóko.