Ohun-Èlò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ẹ̀rọ Ìgbàlódé fún Olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ohun-èlò olùkọ́ tí àyọkà yìí ń sọ nípa rẹ̀ ni gbogbo ìwé, àwòrán, fídíò, áàpù àti ẹ̀rọ tí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ìbáà ṣe ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí ti girama, lè rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí tí ìjọba fi lé e lọ́wọ́, láti fi pèsè ẹ̀kọ́ sílẹ̀, láti fi kọ́ ọmọ, láti fi dán ọmọ wò, àti láti fi kọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ti ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kò sí nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí òbí ń san owó gọbọi fún lè ra ohun tó bá wù ú. Olùkọ́ ìjọba ni ó ń dúró níwájú ọmọ rẹpẹtẹ, tí ó jẹ́ pé ẹfun àti pátákó nìkan ni ó dá a lójú pé òun yóò bá ní kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, èyí tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, tí Olóyè Awókọ̀yà sì jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀, ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ gbayawu, àpapọ̀ ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ohun tó lé ní 800,000, àwọn olùkọ́ tó gboyè kò sì tó nǹkan. Ọmọ dé tán, ẹni tí yóò kọ́ ọ ló kù tí à ń wá. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba kan náà dá WNTV, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, sílẹ̀ ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, ìkọ́ni wà lára iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un, pé bí olùkọ́ tó dáńtọ́ kò bá lè kárí gbogbo ìletò, kí ohùn àti àwòrán rẹ̀ ó kárí. Ní 1970 ẹ̀wẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odidi ọdún mẹ́fà. Kò sí ìwé tí wọ́n lè rà lọ́jà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n jókòó kọ ọ́ fúnra wọn. Ẹni tó bá wá ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí yóò rí i pé ọjà náà kò tíì kún.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2013 ni Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí ìwé ẹ̀kọ́, àlàyé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà lè lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Èrò náà dára, ó sì dín ẹrù ìwé kù lọ́rùn ọmọ àti lápò òbí; ṣùgbọ́n ọmọ ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́, olùkọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ó ń wòye, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ìkọ́ni tí kò bá ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kọjá, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé.

Ti Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, yàtọ̀ sí èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, lábẹ́ Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú, ni EKOEXCEL bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, tí ilé-iṣẹ́ NewGlobe, àwọn tó ni ilé-ẹ̀kọ́ Bridge ní Kẹ́ńyà, sì ń bá ìjọba ṣe é. Níbí, olùkọ́ gan-an ni tábúlẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ti wà nínú rẹ̀ ní kíkọ: ohun tí olùkọ́ yóò sọ, ìbéèrè tí yóò bi àwọn ọmọ, iye ìṣẹ́jú tí yóò lò kí ó tó kọjá síbòmíràn, àti ìgbà tí yóò rìn yí kíláàsì ká láti bojú wo ìwé wọn. Ọgbọ́n tó wù mí jù nínú ìṣe Bridge ni ti dátà: kì í ṣe gbogbo olùkọ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì di dandan fún, fóònù ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ó ń gba ẹ̀kọ́ tuntun wọlé láti òkèèrè, tí olùkọ́ yóò sì ti ara rẹ̀ gbà á sínú tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, nígbà tí àkọsílẹ̀ àsìkò tí olùkọ́ dé ibi iṣẹ́ àti ibi tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ dé yóò gba ọ̀nà kan náà jáde lọ bá àwọn alábòójútó. Ìpínlẹ̀ Ẹdó ti fi irú ètò yìí, EdoBEST, ṣáájú ní 2018. Kwara sì tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú KwaraLEARN ní 2022.

Àríyànjiyàn kò sì yéé jà lórí rẹ̀. Àwọn kan ní olùkọ́ tí a kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ fún ti di asọ̀rọ̀mágbèsì, ó ń sọ, kò sì gbọ́ ohun tí ọmọ ń dá lóhùn. Àwọn kejì tọ́ka sí ìwádìí tí Michael Kremer, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2022 nípa àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Bridge ní Kẹ́ńyà, pé lẹ́yìn ọdún méjì, ìmọ̀ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ fi ohun tó súnmọ́ ẹ̀kọ́ ọdún kan ju ti àwọn ọgbà wọn lọ. Kí a má sì gbàgbé pé ilé-ẹ̀kọ́ tí òbí ń sanwó sí ni wọn, kì í ṣe ti ìjọba. Èrò tèmi ni pé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ranlẹ̀ níwájú kíláàsì, ọ̀rọ̀ tí a ti tò sílẹ̀ jẹ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ tó dára. Ṣùgbọ́n fún ìyá àgbà tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, tí ó fi ojú lásán mọ ọmọ tí ebi ń pa yàtọ̀ sí ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò yé, ó yẹ kí ààyè wà láti kúrò lójú ìwé kí ó sì padà sí i.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ètò Èkó bẹ̀rẹ̀ ni àrùn kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta ọdún 2020. Nígbà náà ni àwọn ìpínlẹ̀ sáré padà sí orí rédíò àti amóhùnmáwòrán, tí àwọn olùkọ́ ń kọ́ ìṣirò fún ọmọ tí wọn kò lè rí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pète rẹ̀ ní Ìbàdàn láyé ọjọ́sí.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè: láti 2002, nígbà tí UNESCO pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ ohun-èlò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ni ó ti wọ́pọ̀ kí àwọn onímọ̀ máa fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti lò, láti túmọ̀ àti láti tún ṣe láìsan kọ́bọ̀. Khan Academy, tí Salman Khan dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2008, ni olùkọ́ ìṣirò mọ̀ jù. Èyí tó súnmọ́ ilé ni African Storybook, tó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 2014, níbi tí ìtàn ọmọdé wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè Áfíríkà, Yorùbá pẹ̀lú. Olùkọ́ lè tẹ ìtàn jáde sórí bébà, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì. Wikipedia Yorùbá ti lé ní 30,000 àyọkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kò ju gbólóhùn méjì mẹ́ta lọ. Fún ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé, áàpù Kolibri wà, tí a lè kó ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀ nílùú ńlá kí a sì gbé e lọ sí abúlé. Ìjọba Àpapọ̀ àti UNICEF náà gbé pẹpẹ ẹ̀kọ́ Nigeria Learning Passport jáde ní 2022.

Ìṣòro kan wà tí ẹni tí kì í kọ́ni ní Yorùbá kì í rí. Nínú ètò Unicode, tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní ipò tiwọn; ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní, àfi kí a tẹ lẹ́tà náà tán kí a tó gbé àmì ohùn lé e lórí bí ìgbà tí a bá gbé gèlè lé orí. Àwọn fọ́ńtì àtijọ́ kò tilẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn fi lẹ́tà Yorùbá sí ipò àmì mìíràn ni. Nítorí náà, olùkọ́ yóò jókòó lóru, yóò tẹ ìbéèrè ìdánwò pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré, yóò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé láàárọ̀, kí ó tó dé ibẹ̀ àmì ti di àpótí kéékèèké, ọ̀ ti di àmì owó òkèèrè, yóò sì fi bírò tọ́ wọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan lórí bébà tí wọn yóò fi ṣe ẹ̀dà. Àtẹ bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ọ̀fẹ́ tí Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName ṣe fún kọ̀ǹpútà, àti èyí tí áàpù Gboard ní fún fóònù, ti mú un rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí olùkọ́ bá mọ̀ pé wọ́n wà.

Síbẹ̀, bí a bá wo ohun tí olùkọ́ ń lò lójoojúmọ́, WhatsApp ni. Níbẹ̀ ni nóòtì ẹ̀kọ́ ti ń tọwọ́ bọ́ sọ́wọ́, tí àtẹ ìdánwò ń wá láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tí ẹni tí kò yé bí a ṣe ń kọ́ ìdá yóò fi ohùn béèrè lálẹ́, tí akẹgbẹ́ kan ní ìlú mìíràn yóò sì dá a lóhùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n a máa ní ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Dátà tó ń jó nídìí iṣẹ́ yìí, ayé níbí ni ó ti ń san án, láti inú owó oṣù rẹ̀. Ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí: ilé-ẹ̀kọ́ kan ní kọ̀ǹpútà tí kò ní iná, òmíràn ní sólà lórí òrùlé tí kò ní ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Láti ìparí 2022 tí ChatGPT, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń fèsì ìbéèrè, ti dé ni àwọn olùkọ́ ti ń fi kọ nóòtì ẹ̀kọ́. Ní Benin City ní 2024, Báńkì Àgbáyé dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn wákàtí ilé-ẹ̀kọ́, tí olùkọ́ ń tọ́ wọn sọ́nà ní gbogbo ìgbà, èsì ìdánwò wọn sì gbé pẹ́ẹ́lí. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ́. Bí a bá fi Yorùbá bi ẹ̀rọ náà léèrè, ó ń fèsì, àmọ́ ó máa ń ṣi àmì ohùn fi, a sì máa pa òwe tí baba ẹnikẹ́ni kò pa rí, nítorí náà olùkọ́ Yorùbá tó bá ní kí ó bá òun ṣe ìbéèrè ìdánwò gbọ́dọ̀ kà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi síwájú ọmọ.