Àdéhùn Gáàsì Ọdún 2010 àti Ẹ̀kọ́ Inú Rẹ̀

Àwọn àgbà ní, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣ'ọ̀rẹ́. Èyí wà lára ìdí tí àwọn oníṣòwò fi ń sá fún kóòtù. Bí oníṣòwò orílẹ̀-èdè méjì bá sì ní aáwọ̀, èyí kì í fọkàn tán kóòtù ìlú ti ọ̀hún. Nítorí náà, wọn á ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí ìjà bá dé, àwọn onílàjà tí tọ̀túntòsì fọwọ́ sí ni yóò parí rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Arbitration ni àwọn agbẹjọ́rò ń pè é. Ó yàtọ̀ sí ìlàjà agbo ilé wa, nítorí pé bí àwọn onílàjà wọ̀nyí bá ti sọ̀rọ̀, abẹ gé e. Àdéhùn New York ti ọdún 1958, tí Nàìjíríà wọnú rẹ̀ ní 1970, ló jẹ́ kí ẹni tó jàre lè gbé ìdájọ́ náà lọ sí kóòtù ilẹ̀ òkèèrè, kí ó fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ètò yìí dára. Ṣùgbọ́n ìtàn orílẹ̀-èdè wa kọ́ wa pé kò lè rọ́pò kóòtù pátápátá.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, ìjọba Nàìjíríà bá ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ P&ID ṣe àdéhùn ogún ọdún. Nàìjíríà yóò fún un ní gáàsì lọ́fẹ̀ẹ́. P&ID yóò kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa sẹ́ gáàsì náà ní Kàlàbá, yóò dá èyí tó mọ́ padà fún ìjọba láti fi ṣe iná mànàmáná, yóò sì máa ta ìyókù. Ilé náà kò dìde, gáàsì kò sì ṣàn. Ní 2012, P&ID gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú onílàjà mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2017, méjì nínú wọn ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, pẹ̀lú èlé ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Nígbà tí yóò fi di 2023, gbèsè náà ti lé ní bílíọ̀nù 11 dọ́là.

Kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í tún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dá nítorí pé inú ń bí ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tó ń wò ni bóyá ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ mọ́. Àkókò tí òfin fi sílẹ̀ fún ìtakò ti kọjá, ṣùgbọ́n ní 2020, kóòtù gba Nàìjíríà láàyè nítorí ẹ̀rí jìbìtì tó jọjú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, Adájọ́ Robin Knowles rí i pé P&ID fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní rìbá, ó jẹ́rìí èké, ó sì fi ìwé àṣírí àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà pamọ́ sọ́wọ́ nígbà tí ẹjọ́ ń lọ. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Kí ló dé tí àwọn onílàjà kò rí i? Ohun tí wọ́n gbé síwájú wọn ni wọ́n wò. Kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti jókòó, kò sí ará ìlú tàbí akọ̀ròyìn níbẹ̀. Adájọ́ náà yin arbitration, ṣùgbọ́n ó ní ó yẹ ká tún un yẹ̀ wò níbi tí owó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó sì kan orílẹ̀-èdè.

Nàìjíríà kò pa ètò náà tì. Lọ́dún 2023 kan náà, ó ṣe òfin tuntun lórí rẹ̀, ó fi rọ́pò ti 1988. Mo gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé yẹn. Bí kì í bá ṣe kóòtù ni, àwa tí a kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni à bá máa san gbèsè náà títí di àgbà. Ìlàjà ní kọ̀rọ̀ lè tó fún oníṣòwò méjì; bí owó ìlú bá wà níbẹ̀, ó yẹ kí ojú ìlú wà níbẹ̀ pẹ̀lú.