Àtẹ, Òkìtì àti Àwòrán Láti Òkè: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rí Ìtàn ní Ọjà Àpòmù àti Ìkirè

Lóde òní, ọ̀pọ̀ òǹtajà a máa to ọjà wọn sílẹ̀, wọn a sì yà á ní fọ́tò láti òkè. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1987 ni Andrew Kromelow, òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àga Frank Gehry, fún irú títò bẹ́ẹ̀ ní orúkọ. Ṣùgbọ́n ìwò náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá: òǹtajà a jókòó, òǹrajà a dúró, a sì máa wo àtẹ nísàlẹ̀. Ojú òǹrajà ni kámẹ́rà gbà lò. Ẹ̀rí kí ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ fún òpìtàn?

Àpòmù ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀. Ọjà rẹ̀ ni àwọn Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ka aáwọ̀ orí ataare ní ọjà yìí mọ́ ohun tí ó fa Ogun Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kì í ṣe ataare nìkan ni ó fa ogun. Jíjí ènìyàn tà ti ba ọjà náà jẹ́ ṣáájú. Síbẹ̀, ó hàn pé níbi tí ìfọkàntán bá ti tán, ọjà kékeré a di ọ̀ràn ńlá.

Kíkà ní gbangba jẹ́ ọ̀nà kan láti dáàbò bo ìfọkàntán. Adolphus Mann ròyìn ní 1887 pé márùn-ún márùn-ún ni a ń ka owó ẹyọ títí di ogún. Ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì sì di igba. Ohun tí a tẹ́ sílẹ̀ láìgun ara wọn ni ojú lè kà.

Òkìtì yàtọ̀. Bí a bá ya òkìtì ata láti òkè, ti orí nìkan ni a ó rí. Ti ìsàlẹ̀ fara sin. Bákan náà ni dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n jù tí a pò mọ́ ata tí a sì dín: àwọ̀ rẹ̀ yóò hàn, ìnípọn rẹ̀ kò ní hàn. Nítorí náà, àwòrán láti òkè jẹ́ ẹ̀rí bí a ti to ọjà, kì í ṣe ẹ̀rí iye rẹ̀.

Àbá wa ni pé kí ẹni tí yóò bá fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀wọ́n tàbí ọ̀pọ̀ oúnjẹ wá òmíràn tí a yà láti ẹ̀gbẹ́, kí ó sì béèrè iye tí òǹtajà ń kà sí òkìtì kan. Bí kò bá rí méjèèjì, kí ó má ṣe sọ ju bí a ti pàtẹ lọ.