Jẹjẹrẹ ọyàn: Kí ni ER, PR àti HER2 tó máa ń wà nínú ìwé èsì àyẹ̀wò?

Ẹni tí wọ́n bá gé díẹ̀ lára kókó ọyàn rẹ̀ lọ sí láàbù, èsì tó máa gbà á kọ́kọ́ sọ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ó yẹ kí orúkọ kúkúrú mẹ́ta tẹ̀lé e: ER, PR àti HER2. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń tọ́ka sí oògùn tó lè ṣiṣẹ́.

Báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀?

Sẹ́ẹ̀lì ara wa kì í ṣàdédé pín sí méjì, ó ní láti gba àṣẹ. Sẹ́ẹ̀lì ní ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní receptor. Ẹ jẹ́ ká pè é ní etí. Bí èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ bá kan etí yìí, ọ̀rọ̀ á wọlé, àwọn èròjà inú sẹ́ẹ̀lì á sì máa ta á látaré fún ara wọn títí sẹ́ẹ̀lì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Ó dà bí rédíò: ilé iṣẹ́ wa ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹni tó ní rédíò nìkan ló ń gbọ́.

Tó bá di jẹjẹrẹ, ọ̀rọ̀ yìí kì í dáwọ́ dúró mọ́. Nígbà míì, etí ló pọ̀ jù. Nígbà míì, ọ̀kan lára àwọn tó ń ta ọ̀rọ̀ látaré ló ti bàjẹ́, tó ń pariwo "ẹ máa pọ̀ sí i" láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́.

Etí mẹ́ta tí wọ́n ń yẹ̀ wò

ER ló ń gbọ́ họ́mónù ẹ́sítírójìn, PR ló ń gbọ́ projẹ́sítírónì. Ní 1896, George Beatson, dókítà ará Scotland, ròyìn pé òun yọ ilé ẹyin obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, kókó náà sì ń kéré sí i. Ó pẹ́ kí Elwood Jensen ní Yunifásítì Chicago tó ṣàwárí etí ẹ́sítírójìn tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yéni. Oògùn tamoxifen máa ń jókòó sí etí yìí kí ẹ́sítírójìn má ráyè.

HER2 wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Ní 1987, Dennis Slamon àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé tó bá ti pọ̀ jù, àìsàn náà máa ń tètè padà. Ní 1998, wọ́n fọwọ́ sí trastuzumab tó ń dènà rẹ̀.

Bí kò bá sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oògùn méjèèjì yìí ò ní rí ibi dì mú. Kẹmó ni àwọn dókítà sábà máa ń lò.

Ti àwa ńkọ́?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó gboyè dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1980, tó sì wà ní Chicago báyìí, wà lára àwọn tó gbé ìwádìí jáde ní 2009 lórí aláìsàn 507 láti Nàìjíríà àti Senegal. Nínú ọgọ́rùn-ún, 55 ni kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ ìwádìí kan tó jáde ní 2008 lórí aláìsàn 192 ní Nàìjíríà rí ER lára nǹkan bíi 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Èsì méjèèjì ò dọ́gba. Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó lè fojú wo obìnrin kó mọ irú tiẹ̀. Àyẹ̀wò ló lè sọ ọ́.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe

Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá wọ́n á ṣe ER, PR àti HER2. Bí láàbù náà kì í bá ṣe é, wọ́n lè gbé ẹran tí wọ́n ti fi ìda dì lọ sí láàbù míì. Kò dìgbà tí wọ́n bá tún gé e.

Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gbé ẹran tí wọ́n gé láti Ọ̀fà tàbí Ìjàgbó lọ sí Ìlọrin, ẹ rí i pé inú fọ́málíìnì ló wà, kì í ṣe inú omi lásán, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá pẹ́ kó tó wọ fọ́málíìnì, etí yẹn lè bàjẹ́, láàbù á sì kọ ọ́ pé kò sí.

Ẹ má ra tamoxifen torí pé ó ṣiṣẹ́ fún aládùúgbò yín. Kókó tí kò dunni pàápàá lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ẹ tètè lọ rí dókítà.